Ohun Tí Ilẹ̀ Kò Dá Padà

Gbogbo òkúta tó wà ní Festac l'Ékòó ló ti ibòmíràn wá. Èyí tó wà nínú kọnkéré ilé, èyí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọ̀dà títì Badagry, èyí tí àwọn lébìrà ń fi ṣọ́bìrì kó níwájú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní Amúwò: típà ló gbé e wá láti ọ̀nà Abẹ́òkúta tàbí ọ̀nà Ìbàdàn. Èkó kò ní òkúta tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì ti rí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Festac. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ń kọ́ ògiri òkúta sínú òkun lẹ́nu ọ̀sà Èkó, ní nǹkan bí 1908, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè ráyè wọlé, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìdó ní 1896 ló ń rù ú wá sétí omi.

Lábẹ́ Festac fúnra rẹ̀, yanrìn ló lé lórí amọ̀, amọ̀ lé lórí yanrìn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú tí ewé àti gbòǹgbò ti jẹrà sí níbi tó bá sún mọ́ odò. Akọ òkúta wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ àwọn tó ń wá epo rọ̀bì nìkan ló lè dé sàkáání rẹ̀. Kànga epo ni àwọn onímọ̀ òkúta méjì, Omatsola àti Adegoke, gbára lé nígbà tí wọ́n ń fún àwọn ìpele ìsàlẹ̀ etíkun yìí lórúkọ ní 1981. Ise àti Afowo, orúkọ méjì nínú àwọn ìpele náà, wá láti ara kànga Ise-2 àti Afowo-1.

Iṣẹ́ kan wá wà tí àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ ń kọ́ ní yunifásítì, tí wọn kì í rí ṣe ní Festac. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gé òkúta jáde láti inú ilẹ̀ ní gígùn, gbọọrọ bí ọ̀pá. Wọ́n á tò ó sínú àpótí. Wọ́n á wọn èyí tó gòkè, wọ́n á sì wọn èyí tó ṣì dúró gbọin nínú èyí tó gòkè. Síbẹ̀, ìtàn ọ̀pá òkúta yìí kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn Festac. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ilẹ̀ òkúta àti ilẹ̀ Festac: kí lo dá padà, kí lo sì mú sọ́wọ́?

Ohun tó mú kí èèyàn lè gé òkúta bẹ́ẹ̀ wá láti Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń wa dáyámọ́ńdì ní òkè Chapada Diamantina máa ń rí irú kan tó dúdú, tí kò dán, tí kò ṣeé fi ṣe ẹ̀ṣọ́ rárá. Carbonado ni wọ́n ń pè é. Ẹrú wà lára àwọn tó ń wà á, nítorí Bùràsíìlì kò fòpin sí oko ẹrú títí di 1888. Bahia yìí kan náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ; ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà tó wá tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà l'Ékòó ti ṣẹ́rí padà wálé.

Rodolphe Leschot, ẹnjiníà ọmọ Switzerland kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ló rí ohun tí dáyámọ́ńdì tí kò dán yìí lè ṣe. Ní nǹkan bí 1862, ó to carbonado yí ẹnu páìpù irin ká, ó ń yí páìpù náà lórí òkúta, omi sì ń ṣàn síbẹ̀ kó má baà gbóná. Etí páìpù ń lọ òkúta kúnná, àárín dúró láìfarapa, ó ń wọ inú páìpù lọ bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá fa páìpù sókè, wọ́n á tú ọ̀pá òkúta jáde.

Àwọn awakùsà tètè gbà á. Ìṣirò tí wọ́n ń lò kò le: bí ẹ̀rọ bá wọlẹ̀ mítà 3, tí òkúta tó gòkè sì jẹ́ mítà 2.7, 90% ló jáde nìyẹn. Ìdá tó kù ńkọ́? Bóyá omi ló fọ̀ ọ́ lọ, bóyá òkúta tó ti rà ni ẹ̀rọ lọ̀ di ẹrẹ̀, bóyá ihò òfìfo ni wọ́n bá pàdé. Ẹni tó ń wá góòlù á ka ìyẹn sí àdánù, á sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé ìsédò lé òkúta náà lórí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀, nítorí apá tó rà, tó là, tó ní amọ̀ nínú, ni kì í sábà gòkè. Òkúta tó le kì í sọnù.

Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1959, ìsédò Malpasset tó wà lókè ìlú Fréjus ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ya. Èèyàn tó bá omi lọ lé ní 400. Kọnkéré ìsédò náà kò ní àbùkù. Òkúta tó yẹ kó gbé e ró ní apá òsì ló yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Owó tí wọ́n ná sórí àyẹ̀wò òkúta yẹn kí wọ́n tó kọ́lé lé e kò tó nǹkan. Òkúta gneiss ni, ìran òkúta tó pọ̀ lábẹ́ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1962, àwọn onímọ̀ òkúta dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní Salzburg ní Austria, ọ̀rọ̀ Malpasset kò sì tíì tán lẹ́nu wọn.

Don Deere, olùkọ́ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò tuntun jáde ní 1964. Ohun tó ṣàkíyèsí rọrùn débi pé ó yẹ kí ojú ti àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀: òkúta tó ti fọ́ yángá-yángá lè gòkè tán pátápátá, kí ìwé sì kọ 100% sí i. Deere ní kí wọ́n ka kìkì ègé tí gígùn rẹ̀ bá tó sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn ínǹṣì mẹ́rin. Kí wọ́n ro gígùn wọn pọ̀. Kí wọ́n wá fi gbogbo gígùn ibi tí ẹ̀rọ gbẹ́ pín in. RQD ló pè é, ìyẹn òṣùwọ̀n bí òkúta ṣe dára tó. Ọ̀pá òkúta tí ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ló ń lò, ínǹṣì mẹ́rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú náà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní ẹ̀rọ wọlẹ̀ mítà 1.5, òkúta tó gòkè sì jẹ́ mítà 1.35. 90% nìyẹn, ó dùn-ún gbọ́ létí ẹni tó ń sanwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò ó sínú àpótí, ègé mẹ́rin péré ló tó sẹ̀ǹtímítà 10: 28, 16, 12 àti 11. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 67. Bí wọ́n bá fi 150 pín in, RQD kò ju nǹkan bí 45% lọ. Lórí àtẹ Deere, òkúta tó bá ju 90 lọ dára gan-an; 75 sí 90, ó dára; 50 sí 75, ó ṣeé fara mọ́; 25 sí 50, kò dára; èyí tí kò bá tó 25, kò dára rárá ni. Àpótí kan náà tó gba 90 lọ́wọ́ awakùsà gba 45 lọ́wọ́ Deere.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti ọlọ́wọ́ àtojú ni ibi tí òkúta ti ṣẹ́. Ẹ̀rọ máa ń ṣẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ náà máa ń ṣẹ́ ẹ bó ti ń fi òòlù lu páìpù kí òkúta lè jáde. Wọn kò gbọ́dọ̀ ka irú ìyẹn mọ́ ilẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé ẹnu méjèèjì pàdé: bí ojú ibẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n sì bára mu rẹ́gí, ẹ̀rọ ló ṣẹ́ ẹ, ègé kan ṣoṣo ni. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n bí irin tó dípẹtà, tí amọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ ló là á. Wọ́n á wọn gígùn rẹ̀ láti àárín, kò ní jẹ́ etí tó yọ jù. Wọ́n á sì wọ̀n ọ́ níbi iṣẹ́, kó tó gbẹ, nítorí òkúta mìíràn wà tó máa ń là fúnra rẹ̀ nínú àpótí bí oòrùn bá pa á. Deere tún tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1989 fún àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà, nígbà tí ìṣirò náà ti lé ní ogún ọdún, tí ẹnjiníà mìíràn, Bieniawski, ti gbé e wọ inú ìṣirò tirẹ̀ ní 1973, tí Barton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1974.

Ọdún 1964 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsédò Kainji lórí odò Ọya. Wọ́n ṣí i ní 1969. Aṣéjirè tẹ̀ lé e lórí odò Ọ̀ṣun ní 1972, kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ní 1983 Ààrẹ Ṣàgàrí ṣí ìsédò Ọyán, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, tó ga tó nǹkan bí mítà 30. Omi Ọyán ń ṣàn wọ odò Ògùn, ibẹ̀ sì ni Èkó ti ń fa púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ rẹ̀. Òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló ń bá Èkó di omi mú.

Òkúta apá ibẹ̀ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Òjò àti ooru ti jẹ ẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀ fún àìmọye ọdún, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ pupa ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà òkúta tó ti rà tí ọwọ́ lè fọ́, kí wọ́n tó kan èyí tó yè. Nínú ilẹ̀ tó rà yìí, àpáta ńláńlá tí kò tíì rà lè sùn sílẹ̀ láìfara kan ìyá òkúta. Ẹ̀rọ á dé orí ọ̀kan, á máa han gooro, òṣìṣẹ́ á ní àwọn ti dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá dúró níbẹ̀, orí àpáta tó léfòó nínú amọ̀ ni wọ́n máa gbé òpó wọn kà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹnjiníà fi sábà máa ń béèrè pé kí ẹ̀rọ wọ inú òkúta tó mítà 3, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbà pé òkúta ni. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní mítà-mítà kò ní ìfẹ́ sí i kí ẹ̀rọ rọra lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìkánjú ẹ̀rọ ni olórí ohun tó ń lọ òkúta rírà dànù kó tó wọ páìpù.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ onídáyámọ́ńdì yìí wá sí Festac, á kàn máa fọ yanrìn ni.

Ọ̀nà tó bá ilẹ̀ Èkó mu ti wà láti 1902. Ní ìlú Boston, Charles Gow bẹ̀rẹ̀ sí í gbá páìpù kékeré wọ ilẹ̀ kó lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀ gan-an, dípò kó máa wo ẹrẹ̀ tí omi fọ̀ gòkè. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, wọ́n ṣe páìpù tó ṣeé là sí méjì ní gígùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí òòlù lù ú kó tó wọlẹ̀. Karl Terzaghi, onímọ̀ ilẹ̀, sọ ọ̀nà yìí lórúkọ ní 1947. Ìwé tí òun àti Ralph Peck kọ ní 1948 gbé e ká ayé. Láti ìgbà náà, irin tó wúwo tó kílò 63.5, tí wọ́n jẹ́ kó já láti sẹ̀ǹtímítà 76, ni wọ́n fi ń bi yanrìn léèrè bó ṣe le tó.

Àjọ̀dún ló bí Festac fúnra rẹ̀. Ní 1966, Dakar gbàlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Nàìjíríà ló kàn, fún 1970, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé kò jẹ́. Gowon, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, sún un sí 1975. Ìfipágbàjọba oṣù Keje ọdún yẹn tún dà á rú. Ọjọ́ 15 oṣù Kínní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977 ló wá padà bọ́ sí, lábẹ́ Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ ẹnjiníà nínú iṣẹ́ ológun. Àlejò tó lé ní 15,000 gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ Festac nìyẹn, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Badagry: nǹkan bí 5,000 ilé, tí wọ́n wá dìbò pín fún àwọn aráàlú lẹ́yìn àjọ̀dún. Àjọ ilégbèé ìjọba àpapọ̀, FHA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ló ń bójú tó o.

Ìkánjú ọdún wọ̀nyẹn kò kéré. Ní 1975, sìmẹ́ǹtì tí ìjọba rà pọ̀ débi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sójú òkun Èkó, tí wọn kò ríbi já ẹrù sí. Nínú ọdún 1977 kan ṣoṣo, Festac gbàlejò, wọ́n ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí àwọn ará Yugoslavia kọ́ lójú ọ̀nà Badagry, wọ́n tún ṣí èbúté Tin Can. Gbogbo rẹ̀ yí Mile 2 ká, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí yanrìn àti irà. Gilberto Gil, olórin ọmọ Bahia, wà lára àwọn tó wọ̀ sí Festac. Ó ní ilé tí wọ́n fi wọ́n wọ̀ rán òun létí ilé tí ìjọba kọ́ fún tálákà ní Rio. Àwo orin rẹ̀, Refavela, jáde lọ́dún náà.

Bí wọ́n ṣe ń dán ilẹ̀ Festac wò kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọ́n á ri irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì dísù á máa fa okùn, ihò á máa jìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá tó àkókò, wọ́n á so páìpù alálàmẹ́jì mọ́ ọ̀pá irin, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta sí ara ọ̀pá náà, sẹ̀ǹtímítà 15 sí ara wọn. Òòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹnì kan á máa kà sókè, ẹnì kejì á máa kọ ọ́. Iye ti ìlà àkọ́kọ́, wọ́n á dà á nù, nítorí ẹ̀rọ ti da ilẹ̀ ibẹ̀ láàmú. Méjì tó kù ni wọ́n máa rò pọ̀. Bí yanrìn kò bá gbà tó 10, ó rọ̀. 10 sí 30, ó wà lágbedeméjì. Bó bá kọjá 50, ó ti ki gan-an. Nínú ẹrẹ̀ dúdú, òòlù kan tàbí méjì ti tó; nígbà mìíràn ọ̀pá náà á kàn rọra rì fúnra rẹ̀ kí òòlù tó já.

Omi ni elénìní. Ní Festac, kò pẹ́ tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ tí omi fi ń sun. Bí omi inú ihò bá lọ sílẹ̀ ju ti ilẹ̀ tó yí i ká, omi ìta á ti yanrìn wọ inú ihò láti ìsàlẹ̀, yanrìn á máa hó, ibi tó ki tẹ́lẹ̀ á sì dẹ̀. Òòlù á wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n á kọ 6 síbi tó yẹ kó jẹ́ 20. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kẹ́ẹ̀gì omi lọ: kí ẹnì kan máa bu omi kún ihò ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ ni wọ́n kà á sí, òun gan-an ló sì ń sọ bóyá òótọ́ ni iye tó wà nínú ìwé.

Bí wọ́n bá fa páìpù náà sókè, wọ́n á tú u, wọ́n á là á sí méjì. Ibí yìí ni Festac ti bá Abẹ́òkúta pàdé, tí ọ̀pọ̀ kò sì kà á kún. Yanrìn tí kò ní amọ̀ nínú, tí omi kún inú rẹ̀, máa ń já bọ́ láti ẹnu páìpù bó ti ń bọ̀ lókè. Wọ́n wọlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 45, ó lè jẹ́ 20 ló bá wọn dé. Àwọn ẹnjiníà máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dínà sí ẹnu páìpù kí yanrìn má baà bọ́, ṣùgbọ́n kì í dá gbogbo rẹ̀ dúró. Nínú ìwé àyẹ̀wò tó péye, àlàfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye òòlù tí wọ́n fi ń kọ gígùn ohun tó gòkè. Ó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ bí RQD ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tí iṣẹ́ òkúta kọ́ ayé láti ìgbà Deere, pé ohun tí kò gòkè gan-an lẹ́rìí, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dé orí yanrìn: iye òòlù ni gbogbo ojú ń wò.

Bẹ́ẹ̀ gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Púlọ́ọ̀tì méjì tó fara kanra létí odò ní Festac lè jọra lójú títì, kí ọ̀kan jẹ́ yanrìn àtayébáyé, kí èkejì jẹ́ irà tí wọ́n fi yanrìn odò dí lánàá òde yìí. Lórí irú ilẹ̀ kejì, mítà mélòó kan àkọ́kọ́ lè gba òòlù dáadáa, nítorí yanrìn tí wọ́n kó lé e ti ki. Ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń fún omi jáde díẹ̀díẹ̀, ilé sì ń bá a rọra wọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ihò tí kò jìn kọjá yanrìn náà kò ní rí i. Onílé tó ní kí wọ́n gbẹ́ mítà 5 kí owó lè dínkù ti ra ìròyìn ayọ̀.

Ní báyìí, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti dé Mile 2. Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, ṣí apá àkọ́kọ́, kìlómítà 13 láti Marina, ní oṣù Kínní 2023. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Apá kejì yóò gba iwájú Festac kọjá lọ sí Alákijà, Trade Fair, títí dé Òkòkómaikò. Afárá tó gbé ọkọ̀ náà kọjá omi wọ Marina dúró lórí òpó tí wọ́n rì wọ ilẹ̀ jìnnà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kan òkúta. Ẹ̀gbẹ́ òpó tó fún mọ́ ilẹ̀ àti yanrìn kíki tó wà nídìí rẹ̀ ló ń gbé ẹrù náà, ẹni tó sì ṣírò bí òpó náà yóò ṣe gùn tó gbọ́dọ̀ mọ ìpele wo ni yanrìn, ìpele wo ni amọ̀.

Fún onílé lásán ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ìtàn yìí máa ń já sí. Ojú ewé tó kẹ́yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n kọ iye ẹrù tí ilẹ̀ lè gbé sí. Ojú ewé tí wọ́n ya ihò sí wà níwájú rẹ̀: ìjìnlẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀, ibi tí omi ti sun, iye òòlù, gígùn ohun tó gòkè. Bí àlàfo tó kẹ́yìn yẹn bá ṣófo láti òkè délẹ̀, ó yẹ kó pe ẹni tó gbẹ́ ihò náà kó tó sanwó tó kù.